Ọ̀rá dúdú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa: bí a ṣe ń tọ́jú ara láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́

Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ní Gáà-Akànbí. Ọ̀rá dúdú kan ni mo fi kọ́ ọ. Inú rẹ̀ ni kàádì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, pẹ̀lú bébà NIN gbogbo wa, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oògùn ìyá mi sí, àti ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí n kì í fọwọ́ kàn, bó ti wù kí ọjà burú tó. Bí ara ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lóru, n kì í wá nǹkan kan kiri mọ́. Ọ̀rá yẹn ni mo máa ń fà yọ, mo bọ́ sọ́nà.

Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí bàbá àwọn ọmọ ti ń wa ọkọ̀ ló forúkọ wa sí ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀: òun, èmi, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Iye èèyàn tí wọ́n ń gbà lórí òṣìṣẹ́ kan nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ní kí òun àti àwọn kan máa lọ sílé, owó oṣù nìkan la rò pé ó lọ. A ò mọ̀ pé kàádì ti bá a lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo pọn àbíkẹ́yìn mi lọ sí ọsibítù tí a ti ń lọ látọjọ́ pípẹ́. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, orúkọ yín ò jáde mọ́." Èrò sì pọ̀ lẹ́yìn mi. Mo tún ọ̀já so, mo jáde.

Télọ̀ ni mí, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún méjì tí a ti ń tọ́jú ọmọ mẹ́rin àti ìyá arúgbó láìsí kàádì ilé iṣẹ́ kankan. Ohun tí mo fẹsẹ̀ ara mi rìn mọ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin níbí, tàbí lápá Ọ̀fà àti Omù-Àrán lọ́hùn-ún.

Bí iṣẹ́ bá bọ́, ẹ má dúró de àìsàn kí ẹ tó mọ̀ bóyá kàádì ṣì ń ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ gba ọsibítù lọ, kí wọ́n wo orúkọ yín. Tí wọ́n bá ní ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ yáa lọ ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí ẹ ti ń sún síwájú. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Eyín tó ń ro bàbá wọn nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, owó ìránṣọ Iléyá la fi yọ ọ́.

Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà

Nígbà tí owó ń wọlé, n kì í ka hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò sí. Lójú mi, ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ni, kò tún sí nǹkan míì níbẹ̀. Oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú. Ó wá gba bùbá rẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń ka owó tí n ó gbé lọ sí ọsibítù aládàáni. Ó ní, "Ìyá Kamorudeen, ṣé ẹ ti béèrè ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ná?" Ìbéèrè yẹn ni mò ń gbé kiri títí dòní. Kí n tó ná kọ́bọ̀ níbikíbi, mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n pé kí ló jẹ́ ọ̀fẹ́ níbí.

Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sì pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé: ti ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti wà lára èyí tí ìjọba ń gún lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2023, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gún un. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní TB, àti oògùn rẹ̀ tí wọ́n ń lò fún oṣù mẹ́fà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó yéé ra omi ikọ́ kiri, kó lọ fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Àyẹ̀wò HIV àti oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́. Oògùn ẹ̀tẹ̀, ọ̀fẹ́. Ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí, bákan náà. Mo mọ ìyàwó ilé kan tó ń ra tirẹ̀ lọ́wọ́ kẹ́mísì fún ọdún mẹ́ta, tí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà sì wà ní òdìkejì títì.

Oògùn àti abẹ́rẹ́ ni ọ̀fẹ́ o. Wọ́n lè ní kí ẹ ra kàádì, kí ẹ ra ìbọ̀wọ́, kí ẹ san nǹkan díẹ̀ fún èyí àti tọ̀hún. N kì í bá wọn jà. Mo kàn máa ń rọra bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó kí lèyí? Ṣé ẹ ó já rìsíìtì fún mi?" Ìgbà míì wọ́n á já a. Ìgbà míì owó náà á dédé dín. Kí ẹ sì tètè lọ. Ẹni tó bá dé lágogo mẹ́wàá, èrò ni yóò máa wò. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíì, ẹ béèrè tiwọn kí ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́.

Ìforúkọsílẹ̀, níbi tí orúkọ ọmọ mi ti há

Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà lápò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú kòṣeémánìí. BHCPF ni wọ́n ń pe owó náà. Apá kan rẹ̀ ń gba ọwọ́ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá láti fi tọ́jú àwọn tí kò ní: aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, aláàbọ̀ ara, àti àwọn tálákà. Tiwa ní Kwara ní àjọ tirẹ̀, KWHIA. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọlé kì í sanwó ọdún. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ rẹ̀ ni yóò ti máa gba ìtọ́jú. Àmọ́ àyè rẹ̀ kì í tó gbogbo wa. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ alábòójútó hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín pé ìgbà wo ni wọ́n tún ń kọ orúkọ, kí ẹ sì béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èmi béèrè nígbà mẹ́rin kí wọ́n tó ní kí n wá ní Wednesday.

Mo dé ibẹ̀ lágogo méje. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi máńgòrò, táblẹ́ẹ̀tì wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kékeré kan sì so mọ́ ọn. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó yí i sí oòrùn, ó ní, "Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe mà?" Mo ní télọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ àti ayọ́ọ̀nù eléèédú ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán. Ó fi òwú tútù nù ún, ó dán ìka ìfábẹ̀là wò, kò gbà, àfi ìgbà tó kan ìka òrùka ọwọ́ òsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ, tí ẹ ń din àkàrà, tí ẹ ń po sìmẹ́ǹtì, ẹ fi òróró pa ọwọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì nù ún dáadáa láàárọ̀. Ó ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì tí mo padà lọ.

Ohun tó mú mi padà lọ ni Kamorudeen. Kàádì abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Kamorudeen, ìwé ìbí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí NIN nìkan ni wọ́n ti kọ Kamaldeen. Èmi ni mo gba NIN yẹn fún un, n kò sì kà á. Mo rí àwòrán ọmọ mi níbẹ̀, mo ká a, mo fi sápò. Ó ku oṣù méjì kó pé ọdún márùn-ún. Kí a tó tún orúkọ ṣe tán, ó ti pé é, ojú ọ̀nà ti dí. Àbúrò rẹ̀ wọlé, òun kò wọlé. Ó dùn mí wọra, nítorí ká ní mo kà á lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ: NIN gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà á. Àtúnṣe ló ń jẹ owó. Ẹni tí bébà rẹ̀ bá sọnù, kó tẹ *346# lórí nọ́ńbà tó fi gbà á, yóò jáde. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé dáadáa ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ bá fún wọn, ẹ má jẹ́ kó kú, torí orí rẹ̀ ni ìròyìn yóò gbà wá.

Àwa tí kò bá ti ọ̀fẹ́ mu nínú ilé ńkọ́? Ètò olówó wà tí ìpínlẹ̀ ṣe fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò: ẹ ó san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan. Iye rẹ̀ máa ń yí padà, ẹ má gba ti aládùúgbò gbọ́, ọ́fíìsì àjọ náà tàbí ọsibítù tí wọ́n bá ṣe àdéhùn ni kí ẹ ti béèrè. Àwa télọ̀ mẹ́jọ la dá àjọ ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó bá kó o yóò lọ sanwó ìlera ilé rẹ̀ kó tó ra nǹkan míì. Àwọn kan ń sọ pé èèwọ̀ ni kí èèyàn máa sanwó àìsàn tí kò tíì ṣe é. Mo máa ń rántí àǹtí mi tó wà ní Asà. Irú ètò yìí ti dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Shonga ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007 kó tó dé apá ọ̀dọ̀ wọn, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san lọ́dún nígbà náà. Nígbà tí ètò ọ̀hún dáwọ́ dúró, àwọn tó ń pè é léèwọ̀ tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bèèrè pé ibo ló wọlẹ̀ sí.

Tí ẹ bá ń yan ọsibítù, ẹ yan èyí tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé lóru. Mo ti rí ẹni tó yan èyí tó lókìkí nígboro, tó sì ń gbé lẹ́yìn Gánmọ̀. Ọsibítù tí ẹ yàn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn ló máa kọ ìwé tí yóò gbé yín lọ sí ọsibítù ńlá, tí wọn yóò sì gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà ìyọ̀ǹda. Bí ẹ bá dá lọ sí ọsibítù ńlá fúnra yín, àpò yín ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹ sì béèrè ìbéèrè méjì kí ẹ tó sanwó: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, àìsàn wo ni kò sí nínú rẹ̀?

Òru tí gìrì dé

Kamorudeen yẹn kan náà ni. Agogo méjì òru, ojú rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ń gbọ̀n. Ìyá arúgbó tó wà lójúde kejì ti ń pariwo pé kí n wá ìtọ̀ màlúù, kí n ti síbí sí i lẹ́nu, kí n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ iná. Wọ́n jẹ́ àgbà, mo kúnlẹ̀ kí wọn, n kò sì ṣe ọ̀kankan. Ọmọ mélòó ni àgbo ìtọ̀ màlúù ti pa níbí! Ohun tí nọ́ọ̀sì mi kọ́ mi ni mo ṣe: mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, mo tú aṣọ rẹ̀, n kò fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi dáwọ́ dúró. Mo fa ọ̀rá dúdú yọ, bàbá wọn ti jí ọlọ́kadà ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ọsibítù aládàáni tó súnmọ́ wa jù la kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n ní kí a fi owó kan sílẹ̀ kí dókítà tó jáde. A kò ní in. Nígbà yẹn n kò tíì mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí: abala 20 nínú òfin 2014 tí mo dárúkọ lókè yẹn ní ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó dé pẹ̀lú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀, ìtanràn 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹni tí ìbọn bá sì bà, òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2017 ní wọn ò gbọdọ̀ dúró de ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀.

N kò ní kí ẹ lọ máa ka òfin sí dókítà lórí lágogo méjì òru. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà jáde ni: "Pàjáwìrì ni o, ẹ tọ́jú ọmọ ná, ká wá sọ̀rọ̀ owó." Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ má jókòó síbẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ máa lọ sí ti ìjọba. Ìdajì wákàtí la fi bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ní ti ìjọba tí a padà lọ, ibà ló wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbà á wọlé, owó náà sì dé lọ́jọ́ kejì, torí òfin ò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ó kàn ní kí ẹ̀mí ṣáájú owó ni.

Kẹ́mísì àti oògùn ìyá mi

Mo fẹ́ràn kẹ́mísì àdúgbò wa, ó máa ń dá wa lóhùn lóru. Ṣùgbọ́n n kì í gba oògùn tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá tín-ín-rín, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ara bá ń gbóná, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà náà, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ kán sórí ike pẹlẹbẹ. Owó oògùn ibà tí kò sí ni ẹ bá máa jù nù. Bó bá jẹ́ ibà, oògùn ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ ni kí ẹ lò tán, ẹ má fi ìdajì pa mọ́ fún ìyẹn tó ń bọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ìgbẹ́ gbuuru ọmọ sì wà tí ORS àti zinc ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ń yanjú láìsí abẹ́rẹ́ kankan.

Ìyá mi wà ní Òró, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fún oògùn náà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún wọn, ó sì ń jẹ wá lówó lóṣooṣù. Mo bi dókítà pé kí ni oògùn náà ń jẹ́ gan-an. Ó ní amlodipine. Mo ní ṣé a lè ra amlodipine ti ilé iṣẹ́ míì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Iye tí a fi ń ra ti oṣù kan tẹ́lẹ̀, ó ń ra ti oṣù méjì fún wa báyìí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ ọ́ sórí bébà tó wà nínú ọ̀rá. Ìyá fẹ́ dẹ́kun lílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan torí ara wọn le. Mo ní kí wọ́n wò ó pé òun ló jẹ́ kó le.

Nígbà tí owó bá ju agbára lọ

Ti àbúrò ọkọ mi ni mo fi mọ èyí. Wọ́n gbé e lọ sí UITH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òsè, bíìlì dé, ojú wa ṣú. Olùtọ́jú kan ló sọ fún wa pé kí a lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà. Àwọn ọsibítù ńlá máa ń ní i. Ẹ lọ bá wọn kí bíìlì tó ga, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ sọ òtítọ́ ilé yín fún wọn: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tí kò ṣe, iye ọmọ. Wọ́n lè bá yín bẹ̀bẹ̀ kí a pín in san, wọ́n sì mọ àwọn tó ń ṣàánú. Ẹ gba bíìlì tí wọ́n kọ ohun kọ̀ọ̀kan sí, kì í ṣe àròpọ̀ nìkan. Ẹni tó ń sanwó zakat máa ń fẹ́ rí i, ìmáàmù mọ́sálásí wa sọ fún mi bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì náà kò yàtọ̀.

Ẹ̀yin aboyún: ní oṣù Kọkànlá 2024 ni mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde pé àwọn obìnrin tí kò lówó yóò máa ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí ètò náà bá dé. Láti oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà oyún ni kí ẹ ti béèrè níbi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú bóyá ó dé ọ̀dọ̀ wọn àti ìwé tí wọn yóò gbà. Ọjọ́ ìrọbí kọ́ là ń wá NIN.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀fà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ tiẹ̀ náà lóṣù tó kọjá. Mo ti rán ọ̀rá kan sí i, mo ní kó kó gbogbo ìwé ilé sínú rẹ̀, kó kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí lálẹ́ àná. Ó ní Sidikat àwọn, wọ́n kọ ọ́ sí Sadiat lórí NIN. Mo ní kó gbé ìwé ìbí dání, kó wà níbẹ̀ ní Monday kí agogo méje tó lù.